Ìlérí tí Mo Ṣe Nídìí Tábìlì Yín

417 Òpópónà Cottonwood,
Alder Creek,
Nebraska.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá, ọdún 1999.

Royce, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹni tí a jọ jẹ búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mẹ́ta,

Ẹ kú òtútù o. Mo gbọ́ lórí rédíò pé yìnyín ti bo ọ̀dọ̀ yín láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì dá mi lójú pé ìwọ ṣì ń fi ṣòkòtò péńpé jáde lọ mú ìwé ìròyìn níwájú ilé, bí ẹni pé òtútù ń bẹ̀rù rẹ. Ṣé dáadáa ni Marjorie wà? Orúnkún rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n jiyàn? Clay ńkọ́, ọmọ ńlá tó ń jẹ ẹyin mẹ́jọ láàárọ̀? Àwa náà ń bẹ. Lorene ní kí n kí yín gan-an ni. Àwọn ọmọ wa obìnrin méjèèjì ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Èyí àgbà ti lóyún, nítorí náà mo máa tó di bàbá àgbà. Máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, èmi tí mo máa ń pè ọ́ láti hòtẹ́ẹ̀lì dé hòtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ o mọ ẹnu mi, Royce. Ẹnu yìí ni mo fi ń jẹun. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti fi ń jókòó nínú pálọ̀ ọlọ́mọ, tí mò ń dùn bí oyin títí wọn á fi fa ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ẹnu náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín, màá sì gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà.

Kí n yáa sọ ọ́. Ohun tí mo sọ fún Marjorie nídìí tábìlì yín, lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́, kì í ṣe òótọ́ mọ́. O rántí bó ṣe gbé ṣíbí sílẹ̀ tó bi mí pé, “Wendell, tí Clay bá fọwọ́ síwèé láti wá gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì yín, ṣé wàá wà níbẹ̀ títí á fi jáde?” Mo tẹ́ ọwọ́ mi lé orí tábìlì, mo ní, “Ọdún mẹ́rin gbáko, Marjorie. Ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀.” Ìwọ bú sẹ́rìn-ín, o ní Èrò Ọkọ̀, orúkọ tí o sọ mí, ti rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Royce, mi ò ní sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gil Brandvold pè mí láti Montana. Òun ni alábòójútó eré ìdárayá ní yunifásítì Larkspur State. Ó ní àwọn fẹ́ kí n wá ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alákoto wọn. Èmi, olórí! Kì í ṣe olùkọ́ àwọn adènà tó ń fi ara dí ọ̀nà, kì í ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. Inú balùwẹ̀ ni mo lọ jókòó sí kí Lorene má baà gbọ́ bí mo ṣe ń sunkún. Àmọ́ ẹni tó wà lórí àga náà báyìí kò tíì mọ̀ pé wọ́n máa yọ òun. Wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ tuntun rẹ̀ wọlé ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì, ọjọ́ ìfọwọ́síwèé. Tí ọwọ́ àwọn ọmọ bá ti kan bébà, wọn á lé e, wọn á kéde mi. Gil ní, “Pruitt, tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde kí Ọjọ́rú yẹn tó pé, a ò mọ̀ ẹ́ rí o.” Ó fún mi di ọjọ́ Àbámẹ́ta láti fèsì.

Ṣé o rí bó ṣe jẹ́? Ọjọ́rú yẹn kan náà ni Clay máa fọwọ́ síwèé fún wa níbí, nítorí tèmi. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, mo ti wà ní Montana. Òun kò sì ní lè lọ síbòmíràn láìfi odindi ọdún kan jókòó lásán.

O mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Pickett Ridge ní 1975, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni a ń sùn sí, ìwọ lórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, èmi lórí tábìlì tí wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ fún wọn. Àwa là ń po kọfí, àwa là ń fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù, tí ọ̀gá ń pè wá ní “ẹ̀yin méjì yẹn” nítorí kò mọ orúkọ wa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin Marjorie ní kí o mú ọ̀kan nínú òun àti iṣẹ́ yẹn, o mú òun, o lọ ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bọ́ọ̀lù. Mo pè ọ́ ní ojo nígbà yẹn. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Èmi ń lọ ní tèmi. Ìlú mẹ́sàn-án, Royce! Lorene ti fi ìwé ìròyìn wé abọ́ débi pé ó lè ṣe é lójú oorun. Ilé-ẹ̀kọ́ méje ni àbíkẹ́yìn wa lọ kó tó jáde girama, ó dé ibì kan tó jẹ́ pé kì í sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ní kí ni àǹfààní ẹ̀. Nílùú kan, wọ́n lé ọ̀gá wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó fi máa di ọ̀sán wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ rí mi ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, níbi ìpàdé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, àwọn àgbà ọkùnrin ń fi ìwé tí wọ́n mú dání bo àmì ilé-ẹ̀kọ́ tó lé wọn lára ẹ̀wù wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn sí àwọn ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n lè ríṣẹ́. Mo wà láàárín wọn. O ra bíà fún mi. Ipò olórí yìí ni mo torí ẹ̀ jẹ gbogbo ìyà yẹn, kì í sì í kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti di ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta lẹ́ẹ̀mejì.

Wàá wá ní, ṣebí kí n pa ẹnu mọ́ nígbà náà? Mo ti pa á mọ́ rí ni, Royce. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní òpin oṣù Kìíní ọdún 1993, ìgbà tí mo wà ní Marlow State, mo lọ sí abúlé Harlan Bend ní Mississippi láti lọ wá ọmọ kan tí ń jẹ́ Tavaris Moseley. Adènà ni. Ó tóbi, ó yára, ohùn rẹ̀ sì rọra bí ohùn ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Odessa, ìyá ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá tó bí i ti kú, fòníkú-fọ̀la-dìde ló pa á. Màmá dín ẹja fún mi, wọ́n bu ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sè, wọ́n gbé búrẹ́dì àgbàdo tì í. Nígbà tí mo yó, wọ́n ní kí Tavaris jáde lọ fún ajá lóúnjẹ, wọ́n sún mọ́ mi.

“Kóòṣì, ọmọ yìí gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹ̀. Kò ṣàìsàn o. Àmọ́ tó bá sáré jù nínú oòrùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wúwo, kò sì ní sọ. Ọmọ yìí kì í sọ pé ó rẹ òun. Tí o bá ti rí i tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, sọ fún un pé kó jókòó, kó mumi. Ṣé o máa wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, èmi gan-an ni màá máa wò ó.”

Royce, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti gba iṣẹ́ ní Ohio. Ọ̀gá mi tuntun ní kí n dákẹ́ títí Ọjọ́rú, ọ̀gá mi àtijọ́ náà ní kí n dákẹ́, gbogbo wa la máa ń dákẹ́, o mọ̀ ọ́n. A kì í pè é ní irọ́. “Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná,” bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é. Tavaris fọwọ́ sí i ní Ọjọ́rú, mo bá bàálù lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó pè mí nígbà mọ́kànlá, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló ń dá a lóhùn. “Kóòṣì Pruitt, Tavaris ni o. Wọ́n ní ẹ ti lọ. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí.” Mi ò pè é. Ojú tì mí. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gba ipò mi, àmọ́ mò ń di ẹrù, mò ń wá ilé, mo gbàgbé. Mo gbàgbé, Royce. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kọ ọ́.

Ní oṣù Kẹjọ, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń dán àwọn ọmọ tuntun wò, wọ́n ní kí wọ́n sá pápá já nígbà mẹ́rìndínlógún. Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ ló wá sọ fún mi nígbà tó yá. Ní ìgbà kẹwàá, Tavaris dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Olùkọ́ tuntun náà rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ó ní kó gbéra ńlẹ̀. Ọmọ náà gbéra. Ó sá méjì sí i. Ó ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Ohio, mo kà á nínú ìwé ìròyìn níbi tí mo ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Mo jẹ oúnjẹ náà tán, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ. Mi ò lọ síbi ìsìnkú, mo fi òdòdó ránṣẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ti bá bàálù lọ.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan kan ti ń ṣe mí. Adènà márùn-ún ló ń tò níwájú bọ́ọ̀lù, márùn-ún ni láti ayé àwọn baba wa. Tí mo bá jókòó ti fíìmù tí mo kà wọ́n, mẹ́fà ni mò ń rí. Ìkẹfà máa ń dúró lápá ọ̀tún, sẹ́yìn díẹ̀, pẹ̀lú akoto lórí, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Tí mo bá dá fíìmù náà padà, márùn-ún ni. Tí mo bá jẹ́ kó máa lọ, á tún di mẹ́fà. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọ kan bi mí lójú gbogbo wọn pé, “Kóòṣì, ta lẹ̀ ń sọ fún pé kó jókòó?” Mi ò mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ síta. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí, Royce. Nígbà tí mo ń sọ fún Marjorie pé ojú mi ò ní kúrò lára Clay, ìkẹfà náà wà nínú kíṣìnì yín. Ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ló dúró sí.

Lorene ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé oúnjẹ ń tutù. Màá parí rẹ̀ lọ́la.

Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀la ti di ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sí Mississippi, mo ti dé.

Mo sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ wo ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, mo wọ bàálù lọ Memphis, mo háyà ọkọ̀. Ilé náà kò yí padà. Màmá Odessa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n jókòó ní kíṣìnì, wọ́n ń fọ́ èso pekáànì sínú àwo fún àkàrà Kérésìmesì.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Màmá. Wendell Pruitt.”

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “O ti sanra.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Wọlé, kí o pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Mi ò pe òtútù.”

Mi ò lè jókòó. Ìdúró ni mo wà tí mo fi sọ ọ́. Mo ní, Màmá, lọ́jọ́ tí mo jẹ ẹja yín, mo ti gba iṣẹ́ níbòmíràn, mo mọ̀ pé mi ò ní sí níbẹ̀. Wọn ò dáwọ́ èso dúró. Wọ́n ní, “Ìyẹn ò ṣàjèjì. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn pè ẹ́ títí tí o ò gbé e ni mo ti mọ irú ẹni tí o jẹ́. Nǹkan mìíràn ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí mo sọ fún ẹ, ta lo sọ ọ́ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá.”

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn tó dúró. “Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń rò ó bóyá o sọ fún wọn tí wọn ò gbọ́. Nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn. Mo lè pè wọ́n fúnra mi. Èmi náà ní ẹnu. Mi ò pè. Mo ní ṣebí mo ti sọ fún kóòṣì. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti sọ fún ẹ ti sọ fún gbogbo wọn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bú mi, kí wọ́n gbá mi létí, ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Inú bí wọn sí ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ.

“Ohun tí o wá gbà nìyẹn? Kí n bú ẹ kí o lè rí oorun sùn? Mi ò ní in fún ẹ. Lọ jókòó tì í bí èmi náà ṣe ń jókòó tì í.” Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún pè mí padà. “Kóòṣì! Àwọn ọmọ tí ò ń kó wọlé báyìí ńkọ́? Kí ni wọ́n ti sọ fún ẹ tí ò ń gbé kiri?”

Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀. Mi ò lè fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Royce, lọ́jọ́ Ajé tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, pé mi ò ní sí níbẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kọ. Èyí tó kù, mo ti pinnu láti gbé e lọ sí Montana. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ rẹ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí, jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á.

Ní oṣù Kẹwàá tí Clay wá wo ilé-ẹ̀kọ́ wa, inú ọkọ̀ mi ló ti sọ fún mi pé nígbà tí ẹ bá àwọn ará Dry Fork gbá, ẹnì kan forí sọ ọ́, akoto sí akoto, òun kò sì rántí ìdajì kejì eré náà títí di òní. Ẹnu rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló ń wò kó tó mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí. Ó máa ń bì nínú balùwẹ̀ kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Iná máa ń ta á lójú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣí fìlà nídìí oúnjẹ, tí Marjorie ń bá a jà lé lórí lójú mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún dádì mi. Wọ́n á yọ mí, wọn ò sì ní ẹlòmíràn tó lè dènà.” Mo gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Mo ní, “Ọkàn kìnnìún lo ní, ọmọ mi.” Ohun tí mo sọ nìyẹn, Royce, nítorí mo fẹ́ kó fọwọ́ síwèé.

Mo mọ̀ pé orí pápá rẹ ló ti ṣẹlẹ̀, lójú rẹ. Mi ò kọ ọ́ láti dá ọ lẹ́bi, ta ni mo jẹ́? Iṣẹ́ èmi pẹ̀lú rẹ ni ká máa wo àwọn ọmọ náà, bọ́ọ̀lù la sì ń wò. Àmọ́ wọ́n ti pè é sí eré àwọn àṣàyàn ní Texas, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní. Má jẹ́ kó fi akoto sórí lọ́jọ́ náà. Tó bá sunkún, jẹ́ kó sunkún.

Ní ti Montana, mi ò fẹ́ kí o rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Láti pápákọ̀ òfurufú Memphis ni mo ti pe Gil lánàá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń bọ̀. Mi ò lágbára láti kọ̀ ọ́. Mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn bébà yìí. Tí o bá pè é tí o kà lára lẹ́tà yìí fún un, iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn, màá sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ ni. Clay pẹ̀lú yín lẹ máa pinnu ilé-ẹ̀kọ́ tó wù yín. Ẹ má fi tèmi ṣe.

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o sì bá mi kí gbogbo ará ilé. Jẹ́ kí Marjorie ka lẹ́tà yìí fúnra rẹ̀, má fo ibì kankan fún un. Sọ fún Clay pé èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀, kó bínú sí mi bó bá ṣe wù ú tó. Lorene kò tíì mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Tí mo bá ti ju lẹ́tà yìí sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí kò ṣeé yọ mọ́, màá lọ sọ fún un.

Pe Gil tí o bá fẹ́. Àmọ́ dókítà ni kí o kọ́kọ́ pè.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń gbà mí bẹ́ẹ̀,

Wendell Pruitt